Àga Mẹ́ta ní Ọyẹ́mẹkùn

Àga ike mẹ́ta ni Ìyáàfin Akínlùyì gbé síwájú mi
lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ọyẹ́mẹkùn, ní Àkúrẹ́.
Oníṣòwò páànù wà nísàlẹ̀, ariwo irin ń gòkè wá.
Ó ní, "Ẹ jókòó síbi tó bá wù yín."
Mo dúró.
Èmi ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta,
akọ̀wé àgbà ní Alágbàka,
mi ò mọ ìjókòó tó jẹ́ tèmi.

Mo sọ fún un pé bí ọ̀gá bá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀,
ọmọ ọdún méje ló ń wọlé lọ,
ṣòkòtò péńpé, orúnkún eléruku,
ọwọ́ lẹ́yìn.
Bí Ìbùkúnolú bá sì da omi sílẹ̀ nílé,
bàbá mi á gba ẹnu mi yọ,
bàbá tí a ti sin lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn,
á ní, "Níbo lojú ẹ wà?"
Ohùn rẹ̀ ṣì gbẹ bí èèpo kòkó.

"Ta ló kọ́kọ́ ní kí ẹ má sunkún?"
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé inú.

Ọ̀nà Ìdànrè ni. Kòkó wà lórí ẹní,
wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ lọ́wọ́ ewúrẹ́ àti òjò.
Mo sùn lọ. Òjò ò sùn.
Bàbá ò nà mí o.
Ó kàn ń ṣa kòkó tútù náà lọ́kọ̀ọ̀kan,
kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi ná ọjà lẹ́ẹ̀mejì.
Nígbà tí omi gba ojú mi, ó ní,
"Ọkùnrin kì í ṣe bẹ́ẹ̀."
Mo tẹ̀ka sí i,
ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ dáadáa,
gbèsè náà ni mo ń san títí dòní:
mo máa ń dé ibi iṣẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ tó ṣílẹ̀kùn;
bí wọ́n bá yìn mí, ara á máa yún mi
bí ẹni wọ ẹ̀wù ẹlẹ́wù.

Ó ní kí n bọ́ sórí àga àárín.
Kì í ṣe ti bàbá, kì í ṣe ti ọmọ tó sùn lọ.
Àga náà tutù.
Ó bi mí pé, "Òní ńkọ́?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwo tánganran fọ́ nílé ìdáná.
Ìbùkúnolú káwọ́ sẹ́yìn.
Mo dá ìdúró yẹn mọ̀.
Bàbá ti la ẹnu mi;
mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù.
Mo bi ọmọ pé, "Ṣé ó gé ọ lọ́wọ́?"
Gbólóhùn kan péré, òógùn bò mí.

Ẹ má tíì pè é ní ìwòsàn.
Òjò dé lóru ọjọ́ náà, ó lu páànù,
ẹsẹ̀ mi ti bọ́ sílẹ̀, mo ti dé ẹnu ọ̀nà
kí n tó rántí
pé kò sí kòkó kankan lágbàlá.