Ta Ni Ebi Ń Pa?

Oṣù kejì ọdún, òjò wínníwínní lórí Leeds,
òjò tí kò rọ̀, tí kò sì dá.
A wọ bọ́ọ̀sì tí Ládépò wà fún ọdún mẹ́sàn-án.
Lónìí ó jókòó síbi táwọn èrò ń jókòó,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ṣì ń wá bíréèkì nílẹ̀.

Wọ́n ti la orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.
Wọ́n yọ ohun tí ọwọ́ lè yọ,
wọ́n fi ìtànṣán jó ìyókù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
Àwa náà jó. Ọpẹ́ ni tiwa, ní ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú omijé.

Ọdún kan àti oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn,
fọ́tò tuntun dé, àmì funfun kan wà níbẹ̀,
kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ.
Dókítà Hargreaves fi báírò tọ́ka sí i:
"Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ló padà wá.
Ó lè jẹ́ ọgbẹ́ tí ìtànṣán dá síbẹ̀.
Lójú fọ́tò yìí, n kò lè dá wọn mọ̀."

Iná kú, ó feérú bojú: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa nílé.
Wọn ò sọ fún wa pé iná tí kò kú
náà mọ bí a ṣe ń feérú bojú.

Ìyá mi kì í fojú wo ààrò kó tó lọ sùn.
Ẹ̀yìn ọwọ́ ló máa ń nà sí i,
á dúró díẹ̀, á gbọ́ ohun tí eérú ń sọ.
Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ká wá bá lónìí,
ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá mi ni.

Marek, ọmọkùnrin Poland tí ohùn rẹ̀ tutù,
gún un lábẹ́rẹ́, ó ní: "Oúnjẹ ni,
oúnjẹ tó ní ìmọ́lẹ̀ nínú. Kì í ṣe ṣúgà;
gbogbo ọpọlọ ló ń jẹ ṣúgà,
a ò ní lè dá olè mọ̀ láàárín èrò.
Ohun tó bá ń dàgbà ni yóò jẹ èyí.
Àpá kì í jẹun."

Ó ní kí Mosúnmọ́lá tó lóyún
má sún mọ́ bàbá rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.
Ọkọ mi, tó ń tàn láìsí fìtílà,
wà lẹ́yìn gíláàsì, ó fẹ́ juwọ́ sí mi;
ọwọ́ òsì náà kò dé ibi tó rán an.

Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń tọrọ ọgbẹ́.
Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí,
kí ìyàwó máa bẹ Ọlọ́run ní ọgbẹ́ fún ọkọ?
Olúwa, jẹ́ kó jẹ́ ẹni tó gbà á là
náà ló ṣe é léṣe.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pè wá padà.
Ibi funfun yẹn ti ṣókùnkùn lórí fọ́tò kejì,
àfi etí rẹ̀ kan tó pọ́n díẹ̀,
bí ẹnu sìgá tí èèyàn ti tẹ̀ mọ́lẹ̀.
"Ó jọ ọgbẹ́ ju jẹjẹrẹ lọ. Mi ò ní búra.
Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta."
Lọ́tẹ̀ yìí, n kò jó.
Mo ká ìwé oògùn, mo fi sí báàgì.

A jáde sínú òjò. Ó ní, "Ebi ń pa mí."
Ọ̀rọ̀ náà gún mi láyà.
"Ta ni ebi ń pa?" Ohùn mi le ju bí mo ṣe rò lọ.
Ó wò mí bí èrò tó fẹ́ wọkọ̀ láìsanwó:
"Èmi ni. Èmi Ládépò.
Ṣé wàá ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún fún mi,
àbí kí n wá obìnrin mìíràn lọ?"

Ó fi ọwọ́ òsì tẹ bébà mọ́ tábìlì,
ó fi ọ̀tún jẹ ẹ́ tán, ó lá iyọ̀ ìka rẹ̀.
Èmi jókòó ní tèmi, mo ń wò ó,
bí ẹni tó na ẹ̀yìn ọwọ́ sí ààrò.