Fèrèsé Kẹtàdínlógójì

Mo gbé àkàbà ti ògiri ilé Aldermere ní kùtùkùtù,
ìrì dídì ṣì funfun lórí koríko bí iyọ̀ tó dànù.
Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń bá dígí ṣiṣẹ́ ní Derbyshire,
èmi Enoch Tranter, ọmọ Tranter tó ń fi òjé di fèrèsé.
Mo mọ̀ pé ilé ńlá kì í fi ẹnu rojọ́,
ojú ló fi ń rò ó.

Ẹ wo ojú rẹ̀.
Òpó òkúta tín-ín-rín pín in sí mẹ́rin, sí mẹ́fà,
dígí kéékèèké dúró lórí ṣóńṣó bí ìpẹ́ ẹja,
òjé dì wọ́n mú bí ìyá ṣe ń di ọwọ́ ọmọ mú láàárín èrò.
Kò sí ọ̀kan tó jọ èkejì:
èyí ní àwọ̀ ewé nínú, ìyẹn ní ìfófò bí itọ́ ọmọdé,
oòrùn ń kọsẹ̀ lára wọn kó tó wọlé.

“Kà wọ́n,” ni mo wí fún Jessamy, ọmọ iṣẹ́ mi.
Ó ka ti ìta: mẹ́tàdínlógójì.
Ó wọlé, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, bàtà rẹ̀ ń han lórí pákó:
mẹ́rìndínlógójì.
Ó tún un kà. Ó bínú sí ìka ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí ìjọba ilẹ̀ yìí ń gba owó orí lórí ìmọ́lẹ̀.
Bí fèrèsé rẹ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè rẹ.
Olówó fi bíríkì fọ́ ojú ilé rẹ̀,
agbowó-orí ń yí ilé po, ó ń nàka bí ẹni ń ka àgùntàn.
Àmọ́ yàrá wàràkàsì kò sanwó,
bí o bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sókè ilẹ̀kùn,
tí o kò sì fi dígí sí i, àfi irin gbọọrọ.

Níhà àríwá, níbi tí oòrùn kì í yà sí,
Jessamy ti apá bọ inú ìtàkùn títí dé èjìká.
“Bàbá, irin ni mo dì mú yìí.”
A yọ pákó kan lẹ́yìn àtẹ̀gùn ilé ìdáná,
lẹ́tà funfun sì ń wò wá láti òkè ilẹ̀kùn:
YÀRÁ WÀRÀKÀSÌ.

Kò sí pẹpẹ kankan níbẹ̀.
Koríko gbígbẹ wà, ó fẹ̀ tó ìbú ènìyàn kan.
Àkísà aláwọ̀ aró wà láàárín irin, wọ́n fi di afẹ́fẹ́.
Lára òkúta, ìṣó ti kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: KEZIAH BLOUNT,
lẹ́yìn náà ìlà, ìlà, ìlà.
A kà á dé ọgọ́rùn-ún ó lé mọ́kànlá, a dákẹ́.
Jessamy fọwọ́ nu imú. Ó ní,
“Wàràkàsì kì í ka òru.”

Mo mú dígí àtijọ́ kan nínú àpótí mi,
èyí tó ní ìfófò mẹ́ta, tí mo ti ń fi pamọ́ láti ìgbà ayé bàbá mi,
mi ò mọ ohun tí mo ń dúró dè.
Mo fi òjé yí i ká. Mo fi sẹ́yìn irin náà.
Àkísà yẹn, mi ò lè kó o dànù. Ó wà lójú fèrèsé síbẹ̀.

Nígbà tí mo kọ ìwé owó, Ìyáàfin Thirlby wọ awò ojú rẹ̀.
“Ọ̀gbẹ́ni Tranter, ẹ ṣì í kà.
Mẹ́rìndínlógójì ni fèrèsé ilé wa.
Láti ìgbà bàbá bàbá ọkọ mi ni a ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Mo dé fìlà mi.
“Ẹ bọ́ síta, Ìyáàfin,” ni mo wí.
“Ẹ wọ kóòtù o. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré.”