Aago Ara Ògiri

Ọdún tí kaṣú so títí ẹ̀ka rẹ̀ fi ń kan ilẹ̀
ni Olórunnípa yọ bátìrì aago wa.
Ó ní aago náà ń ka òun.
Kì í ṣe wákàtí o: òun gan-an ni ó ń kà,
ìka kọ̀ọ̀kan, eyín kọ̀ọ̀kan,
ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á tán.

Ìyá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, agbọ̀n lórí.
Ó ní, "Okun o, Nípa,"
bí a ṣe ń kí ara wa ní Ìsánlú láràárọ̀.
Kò dáhùn.
Ẹni tí a kí pé okun, tí kò ní okun tí yóò fi jẹ́,
kí ni a tún fẹ́ kí i?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.
Èmi ni mo ra ti àkọ́kọ́.
Igba náírà, tí wọ́n wé sínú ìwé ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ,
lẹ́yìn ibùdókọ̀, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù.
A gun orí àpáta, a mu ún.
Mo wúkọ́, mo rẹ́rìn-ín, mo lọ jẹun, mo sùn.
Ó parí síbẹ̀ fún mi.
Òun náà rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ kò mọ ọ̀nà ilé.

Ó mu ún kó tó kọ ebè.
Ó mu ún kó tó jẹun. Ó mu ún kó tó sùn.
Nígbà tó yá, ó ń mu ún kó tó mu ún.
Igbó. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ mọ nǹkan:
ẹni tó bá sọnù sínú rẹ̀ ṣì lè máa gbọ́ ohùn ará ilé,
kò kàn ní mọ apá ibi tó ti ń wá ni.

Ó gbé tíṣà kan sórí ọ̀kadà, ó di ọ̀nà Mọ́pà.
Ní àárín igbó ó dúró, ó ní kí tíṣà sọ̀ kalẹ̀,
pé ẹrù ti pọ̀ jù fún ọ̀kadà, àwọn mẹ́ta.
Àwọn méjì péré ni wọ́n.
Kaṣú wa jábọ́, ó rà.
Àwọn oníṣòwò dé, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n lọ.

Àwọn kan ní ayé ni.
Wọ́n ní ìyàwó àbúrò bàbá wa ni, nítorí ilẹ̀.
Obìnrin yìí kan náà ló ń gbé iṣu sí ẹ̀yìnkùlé wa lóru,
kí ojú má baà ti ìyá wa.

Ní Ẹ̀gbẹ́, Nọ́ọ̀sì Fẹ́yiṣayọ̀ kò pariwo mọ́ ọn.
Ó kàn bi í pé, "Ìgbà wo lo sùn gbẹ̀yìn?"
Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀ títí,
ó bú sẹ́kún.
Mo bi nọ́ọ̀sì ní kọ̀rọ̀ pé, ohun kan náà ṣáà ni a jọ mu?
Ó ní kò sí ẹni tó ń mọ irú òrùlé tó wà lórí òun
kó tó ṣáná sí i.

Ó ti wálé báyìí. Oògùn kan ní alẹ́.
Ó sanra, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ru omi tó kún dẹ́nu.
Lóṣù tó kọjá mo gbọ́ òórùn yẹn lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì.
Mi ò sọ fún ìyá wa.
Ìyá wa fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, kò sọ fún mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló dá bátìrì padà sínú aago.
Ó fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá rẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó tún un ṣe.
Mo máa ń bá a níwájú rẹ̀ láàárọ̀, tí ètè rẹ̀ ń mì.
Mi ò mọ ta ló ń ka ta.
Mo ní, "Okun o."
Ó pẹ́.
Ó ní, "Okun."