Ìjókòó Kẹrìndínlógún

Ọjọ́bọ̀ ni. Iná ti lọ láti àárọ̀.
Ní ṣọ́ọ̀bù Dáníyàn, níbi tí a ti ń gba fóònù sí ṣájì,
lójú ọ̀nà tó wọ Kábà láti Ọ̀bájánà,
àwa mọ́kànlá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù àti kéèsì ọtí.
"Ọ̀kún o." "Ọ̀kún o."
Ìkíni ò tíì tán lẹ́nu tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé. Ìwé àjákọ mi wà lórí itan,
èyí tí mo fi ń ṣírò owó kajú tẹ́lẹ̀;
òfin líìgì wa bẹ̀rẹ̀ níbi tí ogójì àpò kajú parí sí.
Òfin kìíní: agbábọ́ọ̀lù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan,
àfọkànyàn ni, a ò fojú kan èyíkéyìí nínú wọn rí,
wọ́n ń sáré lókè òkun, àwa ń làágùn ní Kábà.
Òfin kẹrin: bí ọ̀kan bá fẹsẹ̀ ṣèṣe,
fi í sí ìjókòó kẹrìndínlógún.
Má tà á. Má kà á. Dúró dè é.

Dáníyàn ní ká pa òfin kẹrin rẹ́.
Ó ní, "A ti sọ líìgì di ọsibítù.
Ẹ wo Ibitóyè, láti oṣù kẹjọ ló ti tẹ́ ènìyàn kan síbẹ̀
bí ẹni gbé ìgò oyin pamọ́ sábẹ́ ibùsùn,
kí àwa yòókù má bàa rí i rà."
Ibitóyè ní, "Owó ta ni mo fi rà á? Tìẹ ni?"
Ẹ̀bùnolú, òun tó wà lókè tábìlì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà,
kò gbójú sókè nínú ẹ̀pà tó ń bó.
Ó ní ẹni tó ń borí kì í bẹ̀bẹ̀ fún òfin tuntun.
Ó tún ní ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni kì í fẹ́ràn ti àtijọ́.
Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Èmi ni mo wà nísàlẹ̀.

Tírélà sìmẹ́ǹtì kọjá. Ògiri gbọ̀n. A dákẹ́ títí ó fi lọ.
Eruku rẹ̀ bọ́ sórí ìwé mi, mo fẹ́ ẹ dànù.

Òtítọ́jù ò tíì sọ̀rọ̀.
Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀,
ó gbé e kalẹ̀ síbòmíràn, bí ẹni tún igi ìdáná ṣe.
Gbogbo wa la mọ ọjọ́ tí tírélà gbá a lórí ọ̀kadà,
a mọ iye oṣù tó fi sùn sí ọsibítù ní Ègbè,
a mọ̀ pé kí wọ́n tó gé píòpí kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀
orúkọ ẹlòmíràn ti wà lórí pátákó níbi iṣẹ́ rẹ̀,
wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́, ó mọ́ roro.
Kò mẹ́nu kan ìkankan nínú rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé:
"Ẹsẹ̀ tó ń san ò mọ kàlẹ́ńdà."
Dáníyàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

A nawọ́. Márùn-ún ní kó kú, márùn-ún ní kó wà.
Wọ́n yíjú sí akọ̀wé.
Èmi náà ní ẹnìkan níbẹ̀ o,
ọmọdékùnrin kan tí orúnkún rẹ̀ já,
ìdajì owó mi ni mo fi rà á.
Bí mo bá ní kó wà, wọn á ní nítorí tèmi ni.
Bí mo bá ní kó kú, ojú wo ni n ó fi wo Òtítọ́jù?
Mo wo òkè tó wà lẹ́yìn ìlú bí ẹni pé ó ní ìbò.
Mo ní, "Kó wà. Oṣù mẹ́ta péré. Lẹ́yìn náà, ẹ tà á."
Wọ́n kùn, wọ́n gbà.
Òtítọ́jù ní, "Bó bá wá di oṣù kẹrin ńkọ́?"

Iná dé lójijì. Gbogbo wa fò dìde,
okùn ṣájà lọ́wọ́, a ń du ihò iná,
àfi ẹni tí kò lè tètè dìde.
Dáníyàn ló gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀,
ó kì í bọ ihò àkọ́kọ́,
kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Mo kọ òfin náà sílẹ̀.
Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́.