Omi Àfonífojì Fẹ́gánà

“Wọ́n dí omi,” ni Zuhur wí nísàlẹ̀,
“òun ló jẹ́ ká sọ òkò.”
“Wọ́n sọ òkò,” ni Toktobek fèsì lókè,
“òun ló jẹ́ ká dí omi.”
Ọdún kọkànlá rèé tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ń yí bí òkòtó lójú kan.

Aynagul kò bá wọn dá ẹjọ́.
Ó gbé ọ̀pá ìwọnmi, ó wọ bàtà rọ́bà,
ó ń tẹ̀lé omi bí ẹni ń tọpa èèrà:
ogójì lítà níbi tó ti wọ abẹ́ títì,
mẹ́rìndínlógún níbi tó ti jáde.
Ta ló jí ìyókù?

Wọ́n gbẹ́lẹ̀. Gbòǹgbò igi wílò ni,
ó ti fọ́ páìpù, ó ń mu tirẹ̀ jẹ́jẹ́,
igi tí bàbá Zuhur àti bàbá Toktobek
jọ gbìn lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ ṣàn débẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fọhùn.
Ojú Zuhur wà lára àpá iwájú orí Toktobek.
A ó tún páìpù ṣe kílẹ̀ tó ṣú.
Àpá ńkọ́?
Aynagul nu ọ̀pá rẹ̀, ó kọ iye omi sínú ìwé,
ó wá fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo.