Epo Mọ́rísì Bàbá Mi

Mùdáṣírù ti ìka bọ kẹ́ẹ̀gì,
ó gbóòórùn, ó tutọ́:
"Kẹrosíìnì ti wọ eléyìí. Dà á nù."

Mọ́rísì tí bàbá mi fi gbé ìyá mi wọ Òkè-Fìà
kì í mu ohun tí Kòrólà ń mu.
Òjé wà nínú epo ayé àná;
tòní fúyẹ́,
ó ń jẹ rọ́bà bí ikán ṣe ń jẹ àjà.

A dé Ìgbọ̀nà, a dé Òkè-Báálẹ̀,
ilé epo mẹ́ta,
ó ń fimú yẹ epo wò bí ẹni ń ra ẹja.

Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ́ńjìnnì tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
ó dákẹ́,
ó wá ń kùn hùn-ún, hùn-ún,
bí bàbá mi ti í ṣe
bí oúnjẹ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn
tí kò fẹ́ ká mọ̀.