Àtẹ̀gùn Inú Òkun

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ṣọ́ yàrá kẹta
nílé àwòrán ìlú Olomouc.
Àga kan, ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́, búrẹ́dì nínú àpò ẹ̀wù.
Iwájú mi gan-an ni àwòrán Otýlie wà:
ẹṣin jókòó ti tábìlì, ó ń mu tíì,
fìtílà ń rìn láìsí ọwọ́ tó gbé e,
àtẹ̀gùn òkúta jáde láti inú òkun,
ó ń gòkè lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ni Otýlie ń tà jẹun nígbà ayé rẹ̀.
Kò fojú kan òkun títí ó fi kú.
Wọ́n ní bó bá jí láàárọ̀, kó tó wọ bàtà,
á ti ya ohun tí oorun fi hàn án
sẹ́yìn ìwé tí wọ́n kọ àkókò ọkọ̀ sí.
Àlá ò kúkú ní ààlà.

Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ ni Zdislava ń wá,
ọ̀dà búlúù lábẹ́ èékánná,
yìnyín ń yọ́ lára bàtà rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.
Á wò. Á yà. Á fa ìwé ya.
Ẹṣin tirẹ̀ kú sórí bébà, ó dà bí àga tó nírù.
"Bàbá Vendelín, níbo ni àtẹ̀gùn yìí ń lọ?"
Ọdún méjìlélógún, n kò béèrè rí.
Mo ní, "Bóyá kì í ṣe lílọ ló ń lọ.
Bóyá bíbọ̀ ló ń bọ̀."
Kò rẹ́rìn-ín. Ó ká ìwé rẹ̀,
n kò sì rí i mọ́ títí yìnyín fi tán nílẹ̀.

Lóṣù Kẹrin ó gbé kánfáàsì wọlé, ó ṣí i lẹ́sẹ̀ mi.
Kò sí òkun níbẹ̀. Ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ni,
ìkòkò, aṣọ ìnuwọ́, ológbò kan tó sanra,
àtẹ̀gùn Otýlie sì já láti òrùlé wọ àárín wọn,
omi ń kán lórí ìpele kọ̀ọ̀kan.
Ó yá a, ó wá yà á,
ohun àyálò bá a mu bí aṣọ tí wọ́n wọ̀n sí i lára.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ọkùnrin kan ní kọ̀rọ̀:
kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ẹnu là díẹ̀.
Èmi ni, mo sùn fọnfọn.
Ẹṣin dúró lẹ́yìn mi, ó rọra di ife tíì mú
bí ẹni tí kò fẹ́ jí mi.

Mo fẹ́ bínú. Ta ló sọ fún un pé mo máa ń sùn?

Àná, lẹ́yìn tí mo ti ilẹ̀kùn,
mo mú àkísà ìnulẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní yàrá kẹta.
Ilẹ̀ tutù.
Mo fìka kàn án, mo tọ́ ọ wò.
Iyọ̀.